Ta Ni Ó Ni Títì? Òmìnira Ọ̀rọ̀ Sísọ Lórí Ilẹ̀ Aládàáni

Ẹni tí a fún ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, tí kò sì rí ibi tí yóò dúró sí láti sọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Èyí ni ó wà ní ìdí aáwọ̀ tí ó ń lọ láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ni Facebook, YouTube àti X (èyí tí a ń pè ní Twitter kí ó tó di ọdún 2023) àti àwọn tí ń gba orí wọn sọ̀rọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá pa ọ̀rọ̀ ẹnì kan rẹ́, ǹjẹ́ ó ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí? Ìbéèrè yìí ti wà ní Amẹ́ríkà kí ayélujára tó dé.

Àtúnṣe Kìn-ín-ní sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1791, ká Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lọ́wọ́ kò kí ó má baà ṣe òfin tí yóò dín òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kù. Ìjọba ni ó ń bá wí. Kò dárúkọ onílé tàbí oníṣòwò. Nítorí náà, onílé lè lé àlejò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn jáde. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ni odindi ìlú ńkọ́?

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Chickasaw, lẹ́bàá Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Gulf Shipbuilding, ilé-iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, ni ó ni ilé, títì àti ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀; òun ni ó sì ń san owó ọlọ́pàá ibẹ̀. Síbẹ̀, tẹrú tọmọ ni ó ń wọ ìlú náà tí ó ń jáde. Grace Marsh, tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń pín ìwé ìsìn. Wọ́n ní kí ó kúrò, ó kọ̀. Wọ́n mú un, a sì dá a lẹ́bi pé ó dúró lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ní ọdún 1946, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ yí ìdájọ́ náà padà. Adájọ́ Hugo Black, ọmọ Alabama, ṣàlàyé pé bí onílẹ̀ bá ti ń ṣí ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ará ìlú tó nítorí èrè ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àwọn tí ń lò ó yóò máa dín àṣẹ rẹ̀ kù tó. Adájọ́ mẹ́ta kò fara mọ́ ọn; wọ́n ní obìnrin náà ì bá ti lọ dúró sí ọ̀nà ìjọba.

Ìdájọ́ yìí kò gbilẹ̀ títí. Ní ọdún 1972, Ilé Ẹjọ́ kan náà sọ pé ọgbà ìtajà ńlá kan ní Portland lè lé àwọn tí ń pín ìwé lòdì sí ogun Vietnam jáde. Ọgbà ìtajà kì í ṣe ìlú.

Ayélujára wá dé. Ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ kan ní New York sọ pé nítorí pé ilé-iṣẹ́ Prodigy ń yọ ọ̀rọ̀ tí kò bójú mu kúrò, ó gbọ́dọ̀ dáhùn fún èyí tí ó ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó gbálẹ̀ ni a fẹ́ dá lẹ́bi nítorí ìdọ̀tí. Yorùbá sì ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òfin tí a ṣe ní ọdún 1996 tún èyí ṣe: Abala 230 kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ dáhùn fún ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ, kò sì jẹ́ kí ó jẹ̀bi bí ó bá fi ọkàn rere yọ ọ̀rọ̀ búburú kúrò.

Ní ọdún 2020, àwọn kan tí wọ́n pe YouTube lẹ́jọ́ fi ọ̀rọ̀ Marsh ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn lóhùn pé YouTube kì í ṣe ìjọba. Ní ọdún 2024, nínú ẹjọ́ lórí òfin Florida àti Texas, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jọ ń ṣe iṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn, Àtúnṣe Kìn-ín-ní sì ń dáàbò bò ó. Asà tí Marsh gbé ti di asà onílẹ̀.

Nàìjíríà náà ti tọ́ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Okúdù 2021, Twitter yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ nípa ogun abẹ́lé kúrò. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ìjọba kéde pé òun dá iṣẹ́ Twitter dúró. Ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022 kí ó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Àjọ ECOWAS dájọ́ pé ìgbésẹ̀ ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ ará ìlú mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni ilé-iṣẹ́ yọ; ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìjọba pa mọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú nìyí. Ẹni tí ìjọba pa lẹ́nu mọ́ ní ilé ẹjọ́ tí yóò sunkún lọ. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ pa lẹ́nu mọ́, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń pín sí. Bí a bá sì fa àṣẹ lé ìjọba lọ́wọ́ láti máa darí ilé-iṣẹ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2021 ti fi ewu ibẹ̀ hàn. Ní Chickasaw, ọ̀nà ìjọba wà nítòsí tí àwọn adájọ́ mẹ́ta lè tọ́ka sí. Lórí ayélujára, níbi tí gbogbo títì ti ní olówó, ọ̀nà ìjọba dà? Ẹjọ́ tí ó kù láti dá nìyẹn.