Ọ̀nà Omi láti Èkó dé Ẹkùn Òkè Ìdànrè

Ìdànrè jìnnà sí òkun. Àárín àpáta ni ìlú àtijọ́ náà wà, títí di 1923 tí àwọn ará ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ òkè. Síbẹ̀, ìtàn ẹkùn Oǹdó àti Ìdànrè kò ṣe é sọ tán bí a kò bá mẹ́nu ba èbúté Èkó àti àwọn ọkọ̀ orí ọ̀sà. Kì í ṣe òkun tí ó wà níwájú Èkó nìkan ni ó sọ ọ́ di èbúté ńlá. Omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ipa tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn Òyìnbó gba Èkó ní 1861, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ọjà òkè ń gbà kọjá, àwọn onílẹ̀ a sì máa ti ọ̀nà nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìjọba Èkó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Èkó a tọ ojú ọ̀sà, a kọjá Ẹ̀pẹ́, a sì gúnlẹ̀ sí etí omi ní ìhà Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn alárù ti ń ru ẹrù la igbó já sí Oǹdó, tí wọ́n sì ń bá a lọ sí Iléṣà. Ìjà abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká nígbà náà. Nítorí èyí ni a ṣe rán Roger Goldsworthy lọ ní 1872 láti parí ìjà, kí àwọn ará ìlú lè padà sílé, kí ọ̀nà sì lè là.

Ọ̀nà náà là lóòótọ́. Ní 1877 Charles Phillips, oníwàásù ìjọ C.M.S., dé sí Oǹdó. Ní ọdún kan náà ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ gba ọ̀nà yìí sí àwọn ènìyàn wọn lójú ogun. Ọ̀nà tí ó gbé Bíbélì wọlé ni ó gbé ìbọn wọlé.

Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 1886, òwò gbilẹ̀. Rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta. Kò ya ilẹ̀ Oǹdó. Nítorí náà, odò Olúwà àti èbúté Agbábù ni gẹdú àti ọjà mìíràn láti ẹkùn náà ń gbà lọ sí Èkó. Ní Èkó pàápàá, iyanrìn ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé títí di 1914. Forcados ni a ti ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá sí kékeré.

Nígbà tí títì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbòde, àwọn èbúté etí odò wọ̀nyí pàdánù ipò wọn. Lónìí, àjọ LASWA, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, ń bójú tó ọkọ̀ agbérò ojú omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí àwọn tí ń ná Ìkòròdú sí Erékùṣù Èkó. Ṣùgbọ́n títì ni kòkó Ìdànrè ń gbà dé èbúté. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń fi ojú irin han ọmọ lórí máàpù fi ọ̀sà náà hàn án pẹ̀lú, kí ó lè mọ̀ pé kí ojú irin tó dé, omi ti so àwọn ìlú wa pọ̀.