Sùúrùlérè: Àwọn Tí Wọ́n Kó Lọ Síbẹ̀ àti Àdúgbò Tí Wọ́n Dá Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ Sùúrùlérè kò ṣòro láti túmọ̀: sùúrù ní èrè. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn àdúgbò yìí, tí ó wà ní orí ilẹ̀ lẹ́yìn odò sí Erékùṣù Èkó, ìbéèrè kan wà tí orúkọ náà kò dáhùn: ta ni ó ṣe sùúrù, ta ni ó sì jẹ èrè rẹ̀? Ìdáhùn wà lọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí ìjọba kó lọ síbẹ̀ láti ọdún 1955.

Ohun tí ó fa kíkó wọn

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ilé fún mọ́ ilé ní Erékùṣù nígbà náà, ojú àgbàrá kò tó, àrùn sì tètè ń ràn láti ojúlé kan sí èkejì. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928, kí ó lè máa tún ìlú ṣe. Yábàá wà lára ibi tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ là sí ojúlé àti òpópónà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò tún ya wọ Èkó láti wá iṣẹ́. Ní ọdún 1951, ìgbìmọ̀ náà pinnu láti wó ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ bí àádọ́rin éékà (70) ní àárín gbùngbùn Erékùṣù. Òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, àwọn olóṣèlú sì fẹ́ kí olú-ìlú Nàìjíríà dùn ún wò lójú àlejò. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ni ilẹ̀ lè rà á padà lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un là, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò ju èyí tí ìjọba san fún un lọ. Ilẹ̀ ẹbí sì ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí. Ta ni yóò dá owó ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ bàbá kan?

Ìgbé ayé agboolé

Kí a tó lè mọ ohun tí ó yí padà, ó yẹ kí a mọ bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ń gbé tẹ́lẹ̀. Inú agboolé ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Bàbá, àwọn ìyàwó, àbúrò, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wà lábẹ́ òrùlé kan tàbí ní ìtòsí ara wọn. Ọmọ ẹbí kì í san owó ilé nínú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé tàbí ní ọjà tí kò jìnnà sílé. Aránṣọ, káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ wúrà ń ṣiṣẹ́ níbi tí oníbàárà ti mọ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá àgbà kì í dá nìkan wà. Bí ọmọ kan kò bá gbé oúnjẹ wá, òmíràn yóò gbé e wá.

Ní Sùúrùlérè, ilé tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni ìjọba kọ́ fún wọn, ìdílé kan sí ilé kan. Iyàrá mọ níwọ̀n, owó ilé sì ń bẹ lóṣooṣù. Wọ́n pín ẹbí tí ó ti ń gbé papọ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹlòmíràn lọ, ẹlòmíràn sì wá ilé háyà sí Erékùṣù tàbí Mushin.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tí ó ṣẹ́kù sí Erékùṣù. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1961.

Ó rí i pé àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni nǹkan náà dùn jù. Oníbàárà wọn wà ní Erékùṣù, ní ìkọjá Afárá Carter. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ bá wọn, owó bọ́ọ̀sì ni. Bí wọ́n bá sì pàtẹ sí Sùúrùlérè, aládùúgbò tí àpò òun náà gbẹ ni wọn yóò máa tà fún. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí ń rí ara wọn lójoojúmọ́ wá ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbàlagbà tí ọmọ ń bọ́ wá di ẹni tí ń retí àlejò. Ìgbéyàwó mìíràn tilẹ̀ tú ká, nítorí pé òwò ìyàwó ti kú, owó ọkọ kò sì tó gbọ́ bùkátà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó pàdánù. Àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, pàápàá àwọn tí ó ti ìlú mìíràn wá sí Èkó, fẹ́ràn ibẹ̀. Ojúlé mọ́ tónítóní, ariwo kò pọ̀, ènìyàn sì ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ẹbí tiwọn kò sí ní Erékùṣù tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí kíkó náà já mọ́ wọn lọ́wọ́.

Níhìn-ín ni àṣìṣe ètò náà hàn. Ìjọba ka ilé, ó ka iyàrá, ó ka orí. Kò ka okùn tí ó so ènìyàn mọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ okùn yìí ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Bí àdúgbò náà ṣe gbòòrò

Àwọn tí wọ́n kó wá nìkan kọ́ ni ó kún Sùúrùlérè. Ìjọba kọ́ ilé mìíràn fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn olówó náà sì kọ́lé sí àwọn òpópónà tí ó ń jẹ́ orúkọ olóṣèlú bíi Bọ̀dé Thomas àti Adéníran Ògúnsànyà. Ìtirẹ́, ìlú àwọn Àwórì tí ó ti wà ṣáájú gbogbo ẹ́sítéètì wọ̀nyí, wá bá ara rẹ̀ láàárín ìgboro. Pápá ìṣeré ńlá ti ìjọba àpapọ̀ parí ní ọdún 1972, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1973. Afárá Èkó, tí wọ́n kọ́ ní ìpele ìpele láàárín 1965 sí 1975, mú kí ọ̀nà Erékùṣù yá. Olùkọ́, agbẹjọ́rò, olórin àti òṣèré wá ń gbé ibẹ̀. Yorùbá, Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn jọ di aládùúgbò.

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 503,975 ni iye ènìyàn tí àjọ elétò ìkànìyàn kà fún ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba èsì náà. Iye tí òun kà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ohun kan yẹ fún àkíyèsí nínú ìdàgbàsókè yìí. Lójú ọ̀pọ̀ ilé tí ètò ìjọba fẹ́ kí ó jẹ́ ibùgbé nìkan, ṣọ́ọ̀bù ti yọ síta, aránṣọ àti onígèrígèrí ti gbé àtẹ jáde, wọ́n sì ti fi iyàrá kún ẹ̀yìnkùlé. Ilé tí a lè gbé, tí a tún lè jẹun nínú rẹ̀, ni àwọn ará Sùúrùlérè fi ọwọ́ ara wọn dá padà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ nípa àdúgbò rẹ̀ yóò ka ilé, yóò sì béèrè iṣẹ́, ẹ̀sìn àti ọjọ́ orí àwọn ará ibẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tún béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ẹni tí ó kó wọn wá, àti ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìbéèrè yìí kò tíì di ti àtijọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun lé àwọn ará Máròkó kúrò nílé wọn ní Èkó kan náà, púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì rí ilé kankan gbà dípò.

Sùúrù ní èrè lóòótọ́. Ní Sùúrùlérè, ìran àkọ́kọ́ ni ó ṣe sùúrù náà. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ni ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀.