Ọjọ́ Orí Tí Ń Dín Kù

Bí àgbàlagbà kan bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 19, àwọn ọ̀dọ́ wa a bú sẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Football age nìyẹn!" Àwọn mìíràn a ní onítọ̀hún ń dàgbà sẹ́yìn. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn, ìtàn náà sì kan ilé oníkálukú wa.

Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọdún. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọn a ní ọmọ kan ń rá nígbà Ogun Àdùbí, èyí tí ó jà ní 1918. Àwọn mìíràn a fi ìgbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973 ṣe àmì. Orúkọ pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: a bí Jímọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, a bí Abíọ́dún ní àkókò ọdún. Ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ Jímọ̀ wo, kò sì sọ ọdún wo.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ó bá kàn án, ó tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Báyìí ni ọmọ ọlọ́wọ́ gígùn fi lè wọlé ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Lẹ́yìn náà, a fojú díwọ̀n ọjọ́ ìbí, a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyẹn kì í ṣe irọ́, àìmọ̀ ni. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ gé ni irọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé bí òun bá pé ọdún 60, tàbí tí òun bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, òun yóò fẹ̀yìn tì. Ẹlòmíràn a sáré lọ búra ní kóòtù, a gé ọdún márùn-ún dànù.

Bọ́ọ̀lù ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí ayé. Ní 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí mẹ́ta nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tí ó lọ sí Òlíḿpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti fi sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá àwọn ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà dúró fún ọdún méjì. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991, tí à bá gbà lálejò, bọ́ sọ́wọ́ Pọ́túgàl. Ìwé ẹni mẹ́ta ni kò bára mu. Àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà jìyà rẹ̀.

Ní 2009, nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé lọ́dọ̀ wa, FIFA lo ẹ̀rọ MRI tí ń yàwòrán egungun ọrùn-ọwọ́. Bí ènìyàn bá ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí náà, egungun ibẹ̀ sábà máa ń so pọ̀ tán. Egungun kì í lọ búra ní kóòtù.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú ṣì ń rí ọmọ tí ó jẹ́ pé, bí a bá bi í léèrè ọdún rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Òfin 1992 sì ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ ti ń pe ààfáà wá sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ gba ìwé ìbí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gé ọdún yín, ààyè ẹni tí ó kéré sí yín lóòótọ́ ni ẹ gbà.