Ọkọ̀ ìdíje oníjókòó kan ti 500 cc

Ọkọ̀ ìdíje oníjókòó kan ti 500 cc jẹ́ irú ọkọ̀ eré ìje kékeré kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù ni ó ń mú un rìn. Láti ọdún 1950 ni àjọ FIA ti fún irú ìdíje yìí ní orúkọ Formula 3.

Ìbẹ̀rẹ̀

Nígbà tí ogun parí ní 1945, owó ṣọ̀wọ́n, ìjọba sì ń ṣe ìpín epo bẹntiróòlù fún àwọn ará ìlú. Brooklands, pápá ìje tí ó lókìkí, kò ṣí mọ́. Àwọn olólùfẹ́ eré ìje ní agbègbè Bristol ni wọ́n dábàá pé kí a lo ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí kò ju 500 cc lọ, kí ẹni tí kì í ṣe olówó lè kan ọkọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ológun ti fi sílẹ̀, bíi Silverstone, ni wọ́n sọ di ibi ìje.

Cooper

Ní 1946, Charles Cooper àti ọmọ rẹ̀, John, kan ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn ní gáréèjì wọn ní Surbiton. Apá iwájú ọkọ̀ Fiat Topolino méjì ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kan di iwájú, èkejì di ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì JAP wà lẹ́yìn awakọ̀, nítorí pé ṣéènì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bí ti alùpùpù gan-an. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àbá ìjìnlẹ̀ kankan. Auto Union ti Jámánì sì ti gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Stirling Moss kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó fi Cooper borí ní Goodwood ní oṣù kẹsàn-án 1948. Bernie Ecclestone náà wa irú ọkọ̀ yìí.

Nígbà tí ó yá, ẹ́ńjìnnì Norton Manx ni ó ń borí jù. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Norton kì í ta ẹ́ńjìnnì náà lọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ níláti ra odindi alùpùpù, kí ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Egungun alùpùpù tí ó ṣẹ́ kù ni àwọn ẹlòmíràn fi ẹ́ńjìnnì Triumph sí, tí a sì ń pè é ní Triton.

Ewu

Ọkọ̀ náà fúyẹ́ (òfin béèrè fún kìlógíráàmù 200 ó kéré tán), kò sì sí ìgbànú ààbò. Ní 1951, Alf Bottoms, olùdásílẹ̀ JBS tí ó ń bá Cooper figagbága, kú nínú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ní ìdíje Luxembourg. Ní ọdún kan náà ni Curly Dryden kú nínú JBS ní Castle Combe.

Ipa lórí Formula 1

Ní 1958, Moss fi Cooper tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn borí ní Ajẹntínà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé Formula 1. Jack Brabham sì fi Cooper gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1959 àti 1960. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ọkọ̀ Formula 1 ti gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Formula Junior rọ́pò ìdíje 500 cc ní òpin ẹ̀wádún náà. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí ṣì ń sáré nínú ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.