Láti Ara Jesse dé Ara KJ: Ìtàn Ìtọ́jú Oníjíìnì fún Ẹ̀dọ̀ àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1999, àwọn dókítà ní Yunifásítì Pennsylvania, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fa oògùn kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ inú ẹ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jesse Gelsinger. Fáírọ́ọ̀sì ni ó wà nínú oògùn náà, irú èyí tí ó máa ń fa ọ̀fìnkìn. Wọ́n ti yọ apá kan nínú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti fi jíìnì tí ó bàjẹ́ lára Jesse rọ́pò rẹ̀, kí fáírọ́ọ̀sì lè gbé e dé inú ẹ̀dọ̀ bí alábàárù ti ń gbé ẹrù. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 17, Jesse ti kú.

Ní oṣù Kejì, ọdún 2025, ní ìlú Philadelphia yìí kan náà, wọ́n fún ọmọ ìkókó kan tí ayé mọ̀ sí KJ ní oògùn tí ó lọ tún jíìnì ṣe nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà yè. Ọmọ ìyá kan náà ni àrùn tí ó ń ṣe òun àti èyí tí ó ṣe Jesse.

Kí á tó lè lóye ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Bí a bá jẹ ẹran, ẹ̀wà, ẹyin tàbí wàrà, oúnjẹ náà a máa fi májèlé kan tí ó ń jẹ́ amóníà sílẹ̀ nínú ara. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ amóníà yìí di ohun tí a lè tọ̀ dànù. Iṣẹ́ náà pín sí ìpele mélòó kan, ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní jíìnì tirẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá bàjẹ́, amóníà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò gun orí lọ, yóò sì ba ọpọlọ jẹ́. Ìpele kejì ni ó bàjẹ́ lára Jesse, ìpele kìíní ni ti KJ.

Jesse kọ́ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n pààrọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ papọ̀ fún ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan, Stormie Jones, ní ìlú Pittsburgh. Ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́rọ̀ ti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ bí ìdọ̀tí ti ń dí gọ́tà. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí ọkàn ń ṣe. Michael Brown àti Joseph Goldstein, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985, ni wọ́n jẹ́ kí á mọ ìdí rẹ̀: lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ilẹ̀kùn tí kọlẹ́sítẹ́rọ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí jù lọ. Àwọn kan wà tí a bí láìsí ilẹ̀kùn yìí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àrùn wọn ń hàn sí, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n James Wilson di ìmọ̀ yìí mú. Ní ọdún 1992, ní Yunifásítì Michigan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé apá kan lára ẹ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ní àrùn yìí, wọ́n fi jíìnì ilẹ̀kùn náà sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n sì dá wọn padà sínú ara rẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Iṣẹ́ abẹ tí ó tóbi tó báyìí fún èrè tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀! Wilson wá wò ó pé kí á má tún gé ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, kí fáírọ́ọ̀sì kúkú máa gbé jíìnì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1993 ó kó lọ sí Pennsylvania, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà òun àti Jesse ti pàdé.

Ta ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ dán oògùn náà wò lára rẹ̀? Àwọn ọmọ ọwọ́ ni àrùn yìí ń pa jù. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ sọ pé òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ kò lè fi ọkàn tútù pinnu. Ohunkóhun tí a bá nà sí i ni yóò dì mú. Wọ́n ní kí á lo àgbàlagbà tí àrùn rẹ̀ kò le. Báyìí ni ó ṣe kan Jesse, ẹni tí oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n fún un àti ọ̀pọ̀ oògùn ojoojúmọ́ ti mú ara rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ pé òun kò ní rí ìwòsàn níbẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ ìkókó ni ó ṣe fara sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní gba èrè kankan ni ó fi sí iwájú ewu. Ohun tí ó sì burú ju ìyẹn lọ ni èyí tí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba rí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Amóníà ara rẹ̀ ti ga ju ìwọ̀n tí àdéhùn ìwádìí náà fi àyè gbà lọ kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Àwọn ọ̀bọ kan ti kú nínú ìwádìí irú oògùn bẹ́ẹ̀, a kò sì sọ ọ́ fún un nígbà tí ó ń fọwọ́ sí ìwé. Wilson alára sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan, Genovo, tí ó lè jèrè bí oògùn náà bá ṣe dáadáa. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2000, ìjọba dá gbogbo ìtọ́jú oníjíìnì tí Yunifásítì náà ń dán wò lára ènìyàn dúró. Ní ọdún 2005, Yunifásítì náà san ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ láti parí ẹjọ́ tí ìjọba bá a ṣe.

Yorùbá máa ń sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Ó di dandan fún iṣẹ́ yìí náà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọdún ìdúró yẹn ni yàrá ìwádìí Wilson ti ṣàwárí oríṣi fáírọ́ọ̀sì kékeré mìíràn tí kì í bá ara jà tó ti ìṣáájú. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn dókítà fi gbé jíìnì lọ sínú ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mẹ́fà ní London, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá bí wọ́n bá fara pa, bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ ní ọdún 2011. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Ní ti iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlérí pọ̀ ju èso lọ. Ní ọdún 1994, Jeffrey Isner ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí í fi jíìnì tí ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù tọ́jú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ wọn mọ́. Ní ọdún 1997, òun àti Takayuki Asahara kéde pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó lè di iṣan titun. Inú gbogbo ayé dùn. Orílẹ̀-èdè Japan fọwọ́ sí irú oògùn oníjíìnì bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2019. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fà sẹ́yìn. Kí á rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá ń polówó abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fún wa lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Ibi tí ìrètí ti wá fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ibi tí a fojú sí. Ní ọdún 2005, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Dallas rí i pé nǹkan bí ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni a bí pẹ̀lú jíìnì PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Inú ẹ̀dọ̀ ni jíìnì yìí ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ba ilẹ̀kùn tí Brown àti Goldstein rí jẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kú ní ilẹ̀kùn púpọ̀. Ewu àrùn iṣan ọkàn fún irú wọn fi 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọ́n rí irú rẹ̀ lára àwọn obìnrin ní Zimbabwe pẹ̀lú. Nítorí náà, láti inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ Áfíríkà gbé kọjá òkun nínú oko ẹrú ni ẹ̀kọ́ yìí ti jáde. Kò wọ́pọ̀ kí á gbọ́ ọ báyìí.

Ní ọdún 2022, ní New Zealand, ilé-iṣẹ́ Verve fún ẹni àkọ́kọ́ ní oògùn tí ó ń yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú PCSK9 inú ẹ̀dọ̀. Kò lo fáírọ́ọ̀sì. Ìṣù ọ̀rá tíntìntín ni ó gbé e. Ní ọdún 2024 wọ́n dá a dúró nítorí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ẹnìkan kò dára, wọ́n sì yí ìṣù ọ̀rá náà padà. Ọgbọ́n Jesse ti wọ iṣẹ́ náà: wọ́n dúró nígbà tí wọ́n rí àmì ewu.

Kiran Musunuru, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Verve sílẹ̀, àti Rebecca Ahrens-Nicklas ni wọ́n ṣe oògùn KJ. Oṣù mẹ́fà péré ni ó gbà wọ́n, fún àṣìkọ lẹ́tà kan tí ó wà lára ọmọ yìí. Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù Kejì àti oṣù Kẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tí ó ti jẹ́ èèwọ̀ fún un, wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù, ó sì lọ sílé ní oṣù Kẹfà. Dókítà kò sọ pé ó ti bọ́ pátápátá. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí i, àní irú òbí tí wọ́n ní kò lè fi ọkàn tútù pinnu tẹ́lẹ̀.

Iye owó ń kọ́? Ìtọ́jú oníjíìnì fún àrùn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í dá, Hemgenix, jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ dọ́là. Casgevy, tí ó ń tún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn ṣe fún àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, jẹ́ mílíọ̀nù méjì ó lé, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ni àrùn yẹn pọ̀ sí jù lọ láyé.

Philadelphia ní ìtàn ẹ̀dọ̀ kan tí ó ṣáájú méjèèjì. Baruch Blumberg wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1957 láti gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ó gbé e dé ìdí fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ní ilé ìwádìí kan ní Philadelphia. Ní ọdún 1986, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àjẹsára tí wọ́n ṣe nípa fífi jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà sínú ìwúkàrà. Irú àjẹsára yìí ni wọ́n ń fún ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, ó sì yẹ kí ọmọ gbà á kí wákàtí 24 tó kọjá lẹ́yìn ìbí rẹ̀.