Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtúpalẹ̀ 20,000 nínú Òǹkà Yorùbá

Ohun tí a sábà máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Bí ó bá jẹ́ pé ogún nìkan ni ìpìlẹ̀ náà, 20, 400, 8,000 àti 160,000 ni ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. Irinwó (400) ní tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbàá mẹ́rin ni 8,000, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ sì ni 160,000. Èyí tí ó gba orúkọ láàárín wọn ni 20,000, ìyẹn ọ̀kẹ́ kan.

Ọ̀kẹ́ túmọ̀ sí àpò ńlá. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì kún àpò kan. Adolphus Mann, ajíhìnrere C.M.S., kọ ọ́ ní 1887 pé láti inú kíka owó ẹyọ ni òǹkà yìí ti ṣẹ̀. Ó ṣàpèjúwe bí olùkà ṣe ń kúnlẹ̀ ti owó tí a dà sílẹ̀, tí yóò máa mú un ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá mú un bẹ́ẹ̀ nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì ni a sì ń gbá pọ̀ di igba. Àlàyé Mann fi ìdí márùn-ún àti igba hàn kedere, ṣùgbọ́n kò tó láti igba lọ sókè. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bí ogún mẹ́wàá ti jẹ́ igba. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Bí a bá tú 20,000 palẹ̀, 2×2×2×2×2×5×5×5×5 ni a óò bá níbẹ̀. Nítorí èyí, nọ́ńbà 30 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù, tí 40, 50, 200, 400 àti 2,000 tí ọlọ́jà nílò sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ta ṣòro. Bí ọmọ mẹ́ta bá fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀, 6,666 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì yóò sì ṣẹ́kù fún àríyànjiyàn.

Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti ń kó ẹyọ Zanzibar wọ etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ẹyọ Maldives àtijọ́ lọ, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí ọ̀kẹ́ kan lè rà fi dín kù gidigidi. Síbẹ̀, 20,000 náà ni a ń kà sínú ọ̀kẹ́. Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, ẹgbàá di sísì, ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì di pọ́n-ùn kan.

Títí di òní, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń há a sórí bí ẹni pé orúkọ lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni ó wà nínú rẹ̀: ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta, lọ́nà 20,000. Ọmọ tí ó bá ti fi àádọ́ta okùn ka ẹgbàá kan rí kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ kí ó tó fi àádọ́ta ọ̀kẹ́ ka 1,000,000. Ó sì tún lè tẹ̀ síwájú: ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ jẹ́ 400,000,000, bílíọ̀nù kan yóò gba irú rẹ̀ méjì àti ààbọ̀.