Kí Òkè Tó Di Ibi Ìsinmi: Láti Zermatt dé Òkè-Ìlá

Ẹni tó bá gun òkè láyé àwọn baba wa, nǹkan ló ń lé e. Bí kì í bá ṣe ogun, á jẹ́ ìjà oyè. Pé èèyàn á fi owó rẹ̀ wọ ọkọ̀, á lọ jókòó sí ẹsẹ̀ òkè láti gba atẹ́gùn, nǹkan tuntun ni, kódà lọ́dọ̀ òyìnbó.

Ẹ wo abúlé Zermatt ní Switzerland. Lónìí, àwọn olówó ayé ló ń lọ fi síkì yọ̀ lórí yìnyín níbẹ̀. Àmọ́ ní nǹkan bí ọdún 200 sẹ́yìn, àgbẹ̀ àti darandaran tí kò rí já jẹ ló kún àwọn òkè Alps. Ìṣẹ́ náà pọ̀ débi pé àwọn òbí ní Tyrol máa ń rán ọmọ wọn lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún àgbẹ̀ ní Jámánì lọ́dọọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ń gun òkè ló mú owó wọlé. Lọ́dún 1865, Edward Whymper àti àwọn 6 mìíràn gun Matterhorn dé orí fún ìgbà àkọ́kọ́. 4 nínú wọn já sílẹ̀ kú nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìròyìn ikú yẹn gan-an ló tún sọ Zermatt di olókìkí. Ayé mà le o! Síkì fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó wá kan tiwa. Nínú Ìgbómìnà tó wà ní Ọ̀ṣun, Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ló jọ irú abúlé bẹ́ẹ̀ jù lójú mi. Kò sí yìnyín o, ọyẹ́ nìkan la ní. Àmọ́ òkè àti àfonífojì wà, omi Àyìkúnnugbá sì ń tàkìtì láti orí àpáta.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ìtàn ẹnu sọ pé Fágbàmílà Ajagunńlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú Ogbo, àdá tí Odùduwà fún un. Àdá yìí ló ń lànà fún wọn nínú igbó, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti wá: Ogbo mi mọ̀nà. Ìlá-Yàrá ni ìran rẹ̀ wà kí ìjà oyè tó dé láàárín ọmọ ọba méjì. Arútú Olúòkun kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Àmọ́tá kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún. Ìlú méjèèjì kò ju bíi kìlómítà 12 síra wọn, Ọ̀ràngún sì ni wọ́n ń pe ọba ìhín àti ọba ọ̀hún títí dòní. Ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò? Ẹ má fi mí sáàárín.

Ní ọ̀rúndún 19, ogun Ìlọrin, ti Nupe àti ti Ìbàdàn kò jẹ́ kí Ìgbómìnà fojú kan oorun. Ìlá wà lára Èkìtìparapọ̀ tó bá Ìbàdàn jà ní Kírìjì, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1886. Ẹni tó ní òkè lẹ́yìn lásìkò yẹn ló ní ibi sísá sí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àlejò fẹ́ wá fowó rà lónìí, ẹ̀mí ni àwọn kan fi pa mọ́ síbẹ̀.

Bí àlejò bá wá rọ́ dé lóòótọ́, ta ni yóò jẹ èrè? Ní Zermatt, Alexander Seiler tó ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ibẹ̀ fẹ́ di ọmọ onílùú. Àwọn ará ìlú kọ̀ fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Ó le lójú mi, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣọ́ yé mi: ọmọ onílùú ló ní ìpín nínú igbó àti pápá. Lónìí, ẹgbẹ́ ọmọ onílùú yẹn ló ni hòtẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo epo pàápàá, wọn kì í jẹ́ kó wọ ìlú ṣáá.

Lọ́dọ̀ wa, ẹbí ló ń ni ilẹ̀ látayébáyé, ṣùgbọ́n Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ti kó o sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ sí ẹ̀bá Àyìkúnnugbá lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Òṣogbo kí àgbẹ̀ tó ń dáko lábẹ́ òkè tó gbọ́. Èmi fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Ìlá àti Òkè-Ìlá jókòó báyìí, kí wọ́n kọ orúkọ ẹbí tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì pinnu ìpín tí ìlú yóò gbà, nígbà tí kò tíì sí owó kankan nílẹ̀ tí wọ́n máa torí ẹ̀ jà.